Afẹ́fẹ́ àti Ọ̀pá Irin tí ń Yí

Ó ṣòro kí á tó rí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ tàbí ata. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú ọ̀kan rí yóò rántí ariwo ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì tí ń sáré, àti lẹ́búlẹ́bú tí ń bo gbogbo nǹkan, títí kan ìpéǹpéjú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ojú kì í sábà wò ni ọ̀pá irin kan tí ó wà láàárín ọlọ àti kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní púlì. Ọ̀pá yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáfùtù. Òun ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ọlọ. Ó jókòó lé béárìn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ó sì ti ń yí láti àárọ̀ di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó ti ń ha béárìn ń gbóná, tí ìgbóná náà sì ń ràn mọ́ gbogbo ara ọ̀pá.

Ìbéèrè tí ètò yìí yóò gbé yẹ̀ wò lónìí dà bí ìbéèrè ọmọdé: ibo ni ooru yẹn ń gbà lọ? Bí kò bá ríbi lọ, gírísì yóò yọ́ dànù, béárìn yóò jó, iṣẹ́ yóò sì dúró. Ẹnikẹ́ni lè dáhùn pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wo? Ṣé èyí tí ọ̀pá náà fi yíyí tirẹ̀ dá sílẹ̀ ni, tàbí èyí tí ń gba ojú fèrèsé wọlé? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kan ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn. Ó lè gba inú ohun kan kọjá láìjẹ́ pé ohun náà ṣípò, gẹ́gẹ́ bí ooru ìkòkò ti ń gba inú ṣíbí irin dé ọwọ́ ẹni tí ń ro ọbẹ̀. Ó lè tàn láti ara ohun gbígbóná bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn, irú èyí tí ń bá ọwọ́ tí a nà sí ẹ̀yinná láìfi kàn án. Ẹ̀kẹta ni pé kí ohun tí ń ṣàn, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe afẹ́fẹ́, wá fara kan ohun gbígbóná, kí ó gbà nínú ooru rẹ̀, kí ó sì gbé e lọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, a ó sì máa pè é ní ooru àgbélọ, nítorí iṣẹ́ aláàárù gan-an ni: kí ẹnì kan gba ẹrù, kí ó gbé e kúrò lójú ọjà, kí aláàárù mìíràn tí orí rẹ̀ ṣófo sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Bí aláàárù kìíní bá kọ̀ tí kò kúrò lójú ọ̀nà, ọjà dúró nìyẹn.

Àwọn kan a máa sọ pé èdè Yorùbá kò ní ohun tí a lè fi sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ gbọ́ bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ kékeré kan, fẹ́. À ń fẹ́ iná kí ó lè jò. À ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kí ó lè tutù. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ lè rò pé èdè náà ń tako ara rẹ̀, pé báwo ni ohun kan náà yóò ṣe máa mú nǹkan gbóná tí yóò sì tún máa mú nǹkan tutù. Kò tako ara rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ kan náà ni èémí ń ṣe níbi méjèèjì: ó ń lé afẹ́fẹ́ tí a ti lò kúrò, ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Iná ń jẹ nínú afẹ́fẹ́ tuntun. Ẹ̀kọ ń di ẹrù ooru rẹ̀ rù ú. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tọ ipa ọ̀nà yẹn lórí ọ̀rọ̀ ooru kò nílò ìwé ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná kan tó.

Ọ̀rọ̀ irin gbígbóná àti afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1701, Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kúkúrú kan jáde ní èdè Látìn lórí òṣùwọ̀n ooru. Ó mú irin tí iná ti mú pọ́n, ó sì gbé e kalẹ̀ kí ó lè máa tutù. Ibi tí ó gbé e sí ni ó yẹ kí á ṣàkíyèsí. Kì í ṣe inú yàrá tí afẹ́fẹ́ ti pa rọ́rọ́ ni, bí kò ṣe ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ó fẹ́ kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà máa wá gba ooru lára irin náà ní àkókò kan náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ni ní òfin Newton lórí títutù tí kò sì mẹ́nu kan atẹ́gùn yìí rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí òfin náà dúró.

Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó ṣàlàyé dáadáa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé irin. Ludwig Prandtl, ará Jámánì, ni ẹni náà, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó wáyé ní Heidelberg ní 1904. Ohun tí ó sọ nìyí: afẹ́fẹ́ tí ó fara kan irin kì í yọ̀ kọjá lára rẹ̀, ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ìpele afẹ́fẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ń lọ díẹ̀, èyí tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń yára sí i, títí tí a ó fi dé ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bí ó ti wù ú. Nítorí náà kò sí irin tí ó wà níhòòhò nínú afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn ni ó wọ aṣọ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ooru gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà ti àkọ́kọ́, èyí tí ó gba inú ọwọ́ ṣíbí, la inú aṣọ yìí kọjá kí ó tó dé ọwọ́ aláàárù. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe: omi ń fi ju ogún ìlọ́po lọ gbà á láyè láti kọjá jù ú lọ, irin sì ń gbà á láyè ní nǹkan bí ẹgbẹ̀wá ìlọ́po. Bí aṣọ afẹ́fẹ́ bá nípọn, ooru há. Bí ó bá tín-ín-rín, ooru ríbi lọ. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú mímú irin tutù pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kò ju pé kí á mú kí aṣọ náà tín-ín-rín.

Wàyí o, kí ni yíyí ọ̀pá ń ṣe sí aṣọ yìí? Ojú a máa tan ènìyàn jẹ. Bí a bá wo ṣáfùtù tí ń yí, tí ojú kò lè dá ìṣó ara rẹ̀ mọ̀ mọ́, a ó rò pé eré tí ó ń sá pọ̀ dé ibi pé ó ti bọ́ gbogbo aṣọ dànù. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kí á mú ọ̀pá tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 4, tí ń yí ní ìgbà 600 nínú ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 10 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi okùn wọn àyíká ọ̀pá náà, yóò jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ntímítà 12.6. Ìgbà mẹ́wàá rẹ̀ kò ju mítà 1.26 lọ. Mítà kan àti díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn ẹni tí ń ti ojà bọ̀ láìkánjú nìyẹn! Ojú ọ̀pá tí ń dẹ́rù bani yìí kò sáré ju ìyá arúgbó tí ara rẹ̀ le lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pá náà àti aṣọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jọ ń yí ni. Ẹni tí ó wọ agbádá tí ó ń pòòyì lójú agbo kò tíì bọ́ agbádá. Etí aṣọ lè fẹ́, inú rẹ̀ ṣì ń mú ooru.

Ní 1953, Anderson àti Saunders tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀pá gbígbóná tí a dá ní ìbú, tí ń yí nínú afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́. Wọ́n rí i pé bí yíyí rẹ̀ bá ṣe jẹ́jẹ́, kò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ooru ń lọ ní ìwọ̀n tí ìbá fi lọ ká ní ọ̀pá náà dúró gbọin, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná ń fúyẹ́, ó ń gòkè lọ fúnra rẹ̀, ìgòkè yẹn sì ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àfi ìgbà tí yíyí bá kọjá ààlà kan ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ní agbára. Fún ọ̀pá inú àpẹẹrẹ wa, tí a bá ní ó fi 30 òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju yàrá lọ, ààlà yẹn kò jìnnà sí ìgbà 90 nínú ìṣẹ́jú kan. Ṣáfùtù ilé ẹ̀rọ ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. A kò wá lè sọ pé yíyí rẹ̀ kò wúlò.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ̀n ìwúlò náà? Bí a bá fi ìlànà tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí àti àwọn mìíràn là sílẹ̀ ṣe ìṣirò, mítà kan nínú ọ̀pá yìí, bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ooru bíi wáàtì 25 lọ. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 600 nínú yàrá kan náà, yóò tó nǹkan bíi wáàtì 55. Bí ó bá wá dúró láìyí rárá, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tí ń rin mítà 3 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ń fẹ́ kọjá ní ìbú rẹ̀, yóò lé ní wáàtì 100. Ẹni tí ó bá rántí àwọn gílóòbù iná àtijọ́ yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni oníwáàtì 25, oní-60 àti oní-100. Atẹ́gùn mítà 3 kì í sì í ṣe ìjì; atẹ́gùn tí ń mú kí ewé igi máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni.

Bí atẹ́gùn bá wá ń fẹ́, tí ọ̀pá sì ń yí pa pọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò rò pé kí á ro méjèèjì pọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Kays àti Bjorklund tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1958 fi hàn bí ìgòkè afẹ́fẹ́ gbígbóná, yíyí ọ̀pá àti atẹ́gùn ìta ti jọ ń pín iṣẹ́ náà ṣe, èyí tí ó bá lágbára jù sì ni ó ń jọba lórí ìyókù. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí atẹ́gùn mítà 3 bá ti wọlé, ohun tí yíyí ń fi kún un kò tó ìdá kan nínú ogún. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Apá kan ọ̀pá ń yí lọ pàdé atẹ́gùn, apá kejì ń bá atẹ́gùn lọ. Ohun tí a jèrè níhìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àìdọ́gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yìí kan náà ni Heinrich Gustav Magnus ṣe àlàyé rẹ̀ ní Berlin ní 1852, òun ni ó sì ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí a gbá tí ó ń pòòyì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kí ó sì wọ àwọ̀n lẹ́yìn olùṣọ́ ilé. Agbábọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n lò. Ó ṣeé ṣe kí ó má mọ orúkọ rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìwé tí ó dé ilé ẹ̀rọ. Ṣáfùtù tí kò ní ìbòrí léwu púpọ̀. Etí ìró, ìdí gèlè, apá bùbá, okùn àpò, ohunkóhun tí ó bá gbá a mú, yóò wé e mọ́ra ni, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Olóhun tí ó bá ní àánú lójú yóò ké sí káfíńtà tàbí alágbẹ̀dẹ, yóò ní kí wọ́n fi pákó tàbí páànù kan ọ̀pá náà pa látòkè délẹ̀ pẹ̀lú béárìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò pẹ́ tí béárìn bẹ̀rẹ̀ sí gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gírísì ń kán. Mẹkáníìkì dé, ó yọ páànù náà kúrò, ẹ̀rọ tutù, wọn kò sì dá a padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ewu ṣe padà sí àyè rẹ̀, tí gbogbo wọn sì gbà pé kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Kì í ṣe pé ìbòrí ni ó ṣẹ̀. Àpótí tí a kàn pa ni ó ṣẹ̀. Nínú àpótí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà ni ọ̀pá ń yí kiri, bí ẹni tí ń fi omi àná wẹ̀ lónìí tí yóò tún fi wẹ̀ lọ́la. Aláàárù ti gbẹ́rù, kò sí ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ìbòrí tí ó yẹ ni èyí tí a fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ ṣe, tí ìka ọmọdé kò lè gbà kọjá, tí kò sì sún mọ́ ọ̀pá jù, tí a fi irin dè dáadáa kí ó má baà mì. Afẹ́fẹ́ yóò gba ihò rẹ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, èyí tí ó ti gbóná yóò sì gba òkè jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ a máa dí ihò wọ̀nyí. Nítorí náà ó di dandan kí wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ gbá a, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Lẹ́búlẹ́bú kan náà, bí ó bá pò mọ́ gírísì tí ó sì bo béárìn bí ẹ̀kọ tí ó gbẹ, aṣọ kejì ni lórí aṣọ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa há a kúrò.

Atẹ́gùn yẹn ní láti ríbi wọlé sínú ilé náà, kí ó sì ríbi jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo kò tó. Méjì tí ó dojú kọ ara wọn, tí ṣáfùtù sì wà ní ìbú láàárín wọn, ni ó dára jù. Kí á sì kíyè sí ẹ́ńjìnnì: bí ooru ara rẹ̀ bá ń fẹ́ lu ọ̀pá, atẹ́gùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláàárù tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Púlì fúnra rẹ̀ ń ṣe ju fífa bẹ́líìtì lọ. Orí ọ̀pá kan náà ni ó wà, iye ìgbà kan náà ni ó sì ń yí, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 30, etí rẹ̀ yóò máa sá eré mítà 9 àti ààbọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe mítà kan ó lé. Bí ó bá ní apá bí ti kẹ̀kẹ́, àwọn apá yẹn yóò máa ru afẹ́fẹ́ sókè bí abẹ̀bẹ̀. Àwọn tí ń ṣe mọ́tò iná mànàmáná mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki fáànù kékeré bọ ìdí ṣáfùtù ọ̀pọ̀ mọ́tò. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá dín eré mọ́tò náà kù sí ìdajì, fáànù rẹ̀ náà yóò dín kù sí ìdajì. Bí ẹrù tí mọ́tò ń fà kò bá dín kù pẹ̀lú rẹ̀, ó lè gbóná ní ìgbà tí ó ń rọra rìn ju ìgbà tí ó ń sáré lọ, èyí tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu.

Ó yẹ kí á fi ààlà sí ohun tí a lè retí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ o. Bí bẹ́líìtì bá le jù, tí ọ̀pá bá wọ́, tàbí tí gírísì bá ti tán nínú béárìn, kò sí atẹ́gùn tí yóò gba ibẹ̀ là. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi gbogbo èyí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò nílò ilé ẹ̀rọ. Kí ó wá agolo mẹ́ta tí ó bára dọ́gba, tí ó ní ìdérí, kí ó bu omi gbígbóná tí ó dọ́gba sí wọn, kí ó sì dé wọn pa kí omi má baà máa gba òkè sá lọ bí ìkùukùu. Kí ó fi okùn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ̀. Kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa lọ́ okùn ti èkejì kí ó sì máa jẹ́ kí ó tú, kí agolo náà máa yí láìdúró. Kí ó gbé ẹ̀kẹta sí iwájú fáànù. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí ó ṣí wọn, kí ó sì fi òṣùwọ̀n ooru wọn omi inú wọn. Kí ó tó ṣí wọn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ èyí tí wọ́n rò pé yóò tutù jù sínú ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ ni yóò mú agolo tí ń yí.